Ẹ Jẹ́ Kí N Yẹ̀ Ẹ́ Wò Ná

Ó wọ àmì. Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Ọ̀pá gíláàsì náà léfòó nínú sípírítì, ó dúró ṣinṣin, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú mi fi bá ojú omi dọ́gba bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo ka nọ́ńbà rẹ̀, nọ́ńbà náà sì pé. Kí ni wọ́n tún fẹ́ kí n ṣe? Ṣé kí n gbé àgbá sẹ́nu ni?

Ó wọ àmì, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Wọ́n rọ ọ́ sígò. Ó lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀pá —

Ó dáa. Ọ̀pá kò mọ ju ìwúwo lọ. Ọ̀pá gíláàsì kò ní imú, kò ní ahọ́n, bí omi ṣe fúyẹ́ sí nìkan ló lè sọ. Sípírítì gidi fúyẹ́, èyí tí a fi ń ṣe sanitáísà, tí èèyàn lè fi ra ọwọ́ kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Mẹtanọ́ọ̀lù náà fúyẹ́, èyí tí àwọn tó ń kun ilé fi ń fọ ọ̀dà kúrò lára búrọ́ọ̀ṣì. Lójú ọ̀pá, ìbejì ni wọ́n. Ọ̀kan ń pa kòkòrò. Èkejì ń wọ inú ara lọ, ojú ló sì kọ́kọ́ ń lọ bá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò: ó ń ba ojú jẹ́, ó ń pani. Olùkọ́ fún mi ní máàkì méjì lórí rẹ̀. Mo rántí àwọ̀ bírò tó fi fún mi.

Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ló kù.

Ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kẹta ló wà nínú omi gbígbóná yẹn. Àyẹ̀wò kejì nìyẹn, èyí tó lè ya ìbejì méjèèjì sọ́tọ̀. Kán oògùn sí i, gbé e sínú omi gbígbóná, dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tó bá jẹ́ sípírítì gidi, kò ní yí àwọ̀ padà. Tí mẹtanọ́ọ̀lù bá wà nínú rẹ̀, á di elésè àlùkò. Kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀, ọmọ jẹ́léósinmi lè sọ ohun tó rí. Ìgò kìíní di elésè àlùkò. Mo ní bóyá mi ò fọ ìgò náà dáadáa. Ìgò kejì náà dì í, ó tilẹ̀ dúdú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní oògùn tí mo kán sí i ti pẹ́ lórí pẹpẹ, oògùn tó bá ti pẹ́ a máa ṣe bíi wèrè. Mo ṣí tuntun. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe kọ́ nìyẹn? Èmi kì í ṣe ẹni tó ń la ẹnu sọ̀rọ̀ láìyẹ ọ̀rọ̀ wò. Gbogbo ilé iṣẹ́ yìí ló mọ̀ mí bẹ́ẹ̀. Tí ìdérí ìgò bá wọ́, èmi ni mo máa rí i. Tí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ìgò bá dagun bí ìwọ̀n èékánná, màá ní kí wọ́n ṣí i kúrò. Aláṣejù, ohun tí àwọn ọmọbìnrin tó ń rọ nǹkan sígò ń pè mí lẹ́yìn nìyẹn. Wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Mo ń gbọ́, inú mi sì máa ń dùn.

Mo dojú fóònù dé orí tábìlì. Ó tún ń gbọ̀n. Ó ń fi ara rẹ̀ wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì bí aláǹgbá tí wọ́n tẹ̀ ní ìrù...

Àǹtí ni. Ta ni ì bá tún jẹ́? Ìyàwó àbúrò ìyá mi. Wọ́n kọ́kọ́ pè mí ní aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láti ọsibítù. Ohùn wọn kò jọ ohùn wọn.

"Ọmọ mi, dókítà ní kí n bi ọ́. Ó ní kí ló wà nínú nǹkan tí ẹ ń ṣe níbi iṣẹ́ yín yẹn? Bàbá yín ti jẹ́wọ́ pé àwọn mu díẹ̀ níbẹ̀. Dókítà ní tí òun bá ti mọ ohun tó jẹ́, oògùn rẹ̀ wà. Àmọ́ kó yá. Ó ní kó yá o, ọmọ mi."

Mo sì dá wọn lóhùn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo fi dá wọn lóhùn, bíi ti dókítà gan-an. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò ná. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré."

Aago ara ògiri ti kọjá aago méjìlá pẹ̀lú ogún ìṣẹ́jú.

Ó dáa náà. Iṣẹ́ lábù kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Tí mo bá sọ fún dókítà pé mẹtanọ́ọ̀lù ni, tí kò wá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á fún Bàbá ní oògùn tí kò yẹ, oògùn náà á pa wọ́n, ọ̀rọ̀ á wá di tèmi. Ta ló fẹ́ ìyẹn? Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ dá èèyàn lójú kó tó sọ ọ́ jáde. Ó yẹ kó dá mi lójú. Ìgò mẹ́ta kò pọ̀ jù.

Bàbá Káàbọ̀ ni gbogbo wa ń pe ọkọ Àǹtí níbí. Àwọn ló ń ṣọ́ géètì. Kò sí ohun tó gba géètì yẹn wọlé tí Bàbá kì í kí, ìbáà ṣe èèyàn, ìbáà ṣe ọkọ̀, ìbáà ṣe ológbò. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí ọkọ̀ kó àgbá mẹ́fà tuntun dé, mo wà lójú fèrèsé yìí, mo ń jẹ gúgúrú. Mo rí Bàbá tí wọ́n fọwọ́ gbá imú ọkọ̀ náà pẹ́pẹ́. "Káàbọ̀ o, gìrìwò. Ṣé ọ̀nà dáa? Wọlé, má tijú." Awakọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, gúgúrú fẹ́ẹ̀ pá mi lórí.

Wọ́n kí i káàbọ̀. Ọlọ́run mi. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ṣí géètì fún un.

Èmi ni mo wá iṣẹ́ yìí fún wọn. Màámi ò jẹ́ kí n gbádùn nígbà yẹn. "Àbúrò mi jókòó sílé, ìwọ wọ kóòtù funfun, o ń rìn kiri." Mo bá Ọ̀gá sọ ọ́, Ọ̀gá gbà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Bàbá dé ẹnu iṣẹ́, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà lábù yìí, wọ́n ń wo àwọn ìgò mi, wọ́n ń wo òṣùwọ̀n mi tí mo fi aṣọ bò, wọn ò jẹ́ wọlé kí ẹsẹ̀ wọn má baà dọ̀tí ilẹ̀. Wọ́n ní, "Dókítà mi nìyí o." Mo ní, "Bàbá, mi ò kì í ṣe dókítà, mo kàn ń yẹ nǹkan wò ni." Wọ́n ní kí ni ìyàtọ̀. Láti ọjọ́ náà, dókítà ni mí lẹ́nu wọn. Kẹ̀kẹ́ wọn ni mo gùn lọ ṣe ìdánwò tí mo fi wọlé ẹ̀kọ́. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n bọ́ ẹ̀wù òjò wọn, wọ́n fi wé ìwé mi, àwọn àti èmi rin gbindin.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Wọ́n ń mu ún. Ká sọ òótọ́, gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ń mu ún. Ìdérí ìgò kan nínú mínírà ní ìrọ̀lẹ́, méjì lọ́jọ́ tí òtútù bá mú. Ó ti lé lọ́dún kan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni láàárín wa. Èmi gan-an, ẹnu mi yìí, mo ní, "Bàbá, inú yín á mọ́ tónítóní o, kòkòrò kankan ò ní ṣẹ́kù síbẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi jókòó. Nǹkan kan kò ṣe wọ́n nígbà náà, nítorí sípírítì gidi ni, ọ̀dọ̀ ẹni tí a ti ń rà á láti ọjọ́ pípẹ́ ló ti ń wá. Oògùn kíkorò kan wà tó yẹ ká máa fi sí i kí ẹnikẹ́ni má lè gbé e mì. Ó tán lọ́dún tó kọjá. Ọ̀gá ní a máa rà á. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé a máa rà á.

Ó wà lára ìgò: fún ọwọ́ nìkan, ẹ má ṣe mu ún. Ó wà níbẹ̀ gbàgàdà. Àgbàlagbà ni, ó mọ ìwé kà. Ta ló dì í lọ́wọ́ mú? Tí kò bá gbé e sẹ́nu, kí ló máa ṣe é? Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ —

Háà.

Ó. Mo ti ń pe Bàbá ní "ó". Bàbá tó gbé mi gun kẹ̀kẹ́.

Kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ tèmi ni. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá ni mo ń sọ. Àárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí Àǹtí pè, ló dúró síbí, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ń mì lọ́wọ́ rẹ̀, kò wọlé tán, kò sì jáde. "Ṣé èmi ni mo ní kí bàbá yẹn mu ún? Kò wà lára ìgò ni?" Mo ní ó wà níbẹ̀, sà. "Ìwé rẹ ńkọ́? O fọwọ́ sí àyè méjèèjì àbí o ò fọwọ́ sí i?" Mo ní mo fọwọ́ sí i, sà. Ó mí kanlẹ̀. "Ó parí nìyẹn. Ìwé wa pé." Ó wá rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ̀rín tí èèyàn ń rín sí ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà. Mi ò ní gbàgbé ẹ̀rín yẹn. Mo rẹ́rìn-ín padà.

Àyè méjèèjì...

Àyè kìíní fún ọ̀pá. Àyè kejì fún oògùn tó ń yí àwọ̀ padà. Ọ̀pá kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ ṣe èkejì bó ṣe yẹ, ó fẹ́ẹ̀ tó ìdajì wákàtí, àwọn ọmọbìnrin á jókòó sídìí ẹ̀rọ, wọ́n á máa yẹ èékánná wọn wò, Ọ̀gá á máa yọjú. Nítorí náà ni mo ṣe ń fọwọ́ sí àyè kejì ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ti gbogbo ọ̀sẹ̀. Màá jókòó, màá gbé tíì mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, màá fọwọ́ sí i wàràwàrà láti Ajé dé Ẹtì, ó ti parí. Ẹni tí mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, ìyá oníwà pẹ̀lẹ́ kan tó ń lo awò ojú méjì. "Ọ̀dọ̀ ẹnìkan náà la ti ń rà á, ọmọ mi. Kí lo tún fẹ́ yẹ̀ wò níbẹ̀? Kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kó o lè rímú mí." Òótọ́ ni ìyá náà sọ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe é, kò mú ìṣòro kankan wá.

Ẹni tí a ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ wá ní òun ò ní sípírítì mọ́ títí oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀gá rí ẹlòmíràn. Ọjọ́rú ni àgbá mẹ́fà yẹn wọlé. Ọjọ́ Ajé ni mo ti fọwọ́ sí i pé mo yẹ wọ́n wò, wọ́n sì dáa. Wọn ò tíì dé orí ilẹ̀ wa rárá, mo ti yẹ wọ́n wò. Ta ni mo fẹ́ sọ ìyẹn fún? Ta ni mo fẹ́ wò lójú kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi?

Mo lè ti ṣe é lọ́jọ́rú náà. Oògùn wà. Omi gbígbóná wà. Mo ti ki ọ̀pá bọ inú rẹ̀, ó wọ àmì, Ọ̀gá dúró sẹ́yìn mi, ó ní, "Ṣé ó wọ àmì?" Mo ní ó wọ àmì. Mo wo ìwé, mo rí i pé àyè kejì kò ṣófo. Mo ṣáà rí i bẹ́ẹ̀: kò ṣófo. Bí ẹni tó dé ibi ìdáná tó rí i pé ẹlòmíràn ti fọ abọ́. Èmi àti ẹlòmíràn náà, ẹnìkan náà ni wá.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Mi ò wo inú omi gbígbóná. Tí èèyàn bá ń wò ó ṣáá, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í tan èèyàn jẹ.

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà yìí lánàá. Bàbá. Ọ̀sán gangan, oòrùn wà lẹ́yìn wọn, mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ tọrọ páńdọ́ọ̀lù. Wọ́n fọwọ́ wá férémù ilẹ̀kùn kí wọ́n tó dì í mú. Mo rí ọwọ́ yẹn tó ń wá férémù.

"Dókítà mi, ojú mi ń ṣe mí bákan. Ó dà bíi pé wọ́n ta aṣọ funfun bo gbogbo nǹkan. Ìwọ gan-an tí mo ń wò yìí, mi ò rí imú rẹ."

Aṣọ funfun. Ohun tó wà nínú ìwé gan-an nìyẹn, pé aláìsàn á máa sọ̀rọ̀ nípa funfun, ìkùukùu, wàrà, aṣọ. Mo sì sọ fún wọn pé, "Oorun ni, Bàbá. Ẹ kì í sinmi. Ẹ lọ sùn." Wọ́n ní, "O ṣeun, dókítà mi." Wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n fọwọ́ tọ ògiri lọ. Wọ́n lọ sùn lóòótọ́, nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́.

Àárọ̀ yìí wọ́n jí, wọ́n ní kí Àǹtí ṣí fèrèsé. Fèrèsé ti wà ní ṣíṣí.

Kí n má ronú sí ìyẹn. Kí n ronú sí iṣẹ́. Páálí igba ló jáde ní ọjọ́ Ẹtì, ogún ìgò nínú páálí kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lẹ ewé tútù kan mọ́ ara ìgò, ewé tí ìrì ń kán lára rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń pa kòkòrò mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ó rẹwà. Èmi ni mo yan ewé náà. Ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, ó wà nídìí ẹni tó ń gba owó, ó wà lẹ́nu ọ̀nà báńkì, ó wà nínú báàgì àwọn abiyamọ. Ẹni tó rà á á fi ra ọwọ́, á gbọ́ òtútù rẹ̀, á gbóòórùn líle yẹn, á ní ẹ̀n-ẹ́n, eléyìí lágbára. Báwo ló ṣe máa mọ̀? Èmi tí mo ní ọ̀pá, tí mo ní oògùn, mi ò mọ̀. Ewé tútù ló ń wò, orúkọ mi ló wà lẹ́yìn ewé náà níbi tí kò lè rí. Ọwọ́ àgbàlagbà lè gbà á, á gbẹ, ó ṣeé ṣe kó má ṣe é ní nǹkan kan. Ọmọ ọdún méjì ńkọ́? Ọwọ́ ọmọ ọdún méjì kì í pẹ́ kó tó dé ẹnu. Ìyá rẹ̀ á fi ra ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, á tún wọ́n ọn sí i, nítorí pé ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀.

Àti tèmi...

Rárá. Tèmi ò sí níbẹ̀. Mo ti yọ tèmi kúrò.

Láàárọ̀ yìí, kí Àǹtí tó pè, kí ẹnikẹ́ni tó pè, ọmọbìnrin mi ń wọ bàtà ilé ìwé. Mo lọ síbi báàgì rẹ̀, mo tú ìgò sanitáísà kékeré tó so mọ́ ọn lára. Ó ní, "Mọ́mì, tíṣà máa bi mí o." Mo ní ó ti tán, màá ra òmíràn fún un. Ó ní, "Kò tán, àná lẹ fún mi." Mo jágbe mọ́ ọn. Mi ò kì í jágbe mọ́ ọmọ yẹn. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú síǹkì, mo jẹ́ kí omi ṣàn tẹ̀ lé e, mo fọ ọwọ́ ọmọ mi láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo àlejò.

Mi ò tíì ṣe ìgò kìíní nígbà yẹn. Mi ò tíì gbé omi kaná.

Kí ni mo wá ń...

Àǹtí tún pè ní aago méjìlá ku ogún, mo gbé ti ìgbà yẹn. "Ọmọ mi, mímí wọn ti yí padà o. Wọ́n ń mí bí ẹni tí wọ́n lé. Dókítà ní ṣé o ti rí i?" Mo ní, "Ó kù díẹ̀, Àǹtí." Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi, Ọlọ́run á gbà ọ́ lọ́jọ́ tìrẹ." Wọ́n gbàdúrà fún mi. Ìgò kejì wà níwájú mi nígbà náà, ó dúdú bí inki.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé mo mọ oògùn rẹ̀. Ó wà nínú ìwé yẹn kan náà, máàkì kan péré ni wọ́n fún mi lórí ti ìyẹn. Sípírítì gidi ni. Dókítà á máa wọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀ sí aláìsàn lára, á máa lé èyí tó burú jáde. Ìgò rẹ̀ kan wà lórí pẹpẹ mi níbẹ̀ yẹn, èyí tí a fi ń ṣe àfiwé, a ò tíì ṣí i láti ọdún méjì. Ohun tó yẹ kí n ti fi sínú páálí igba ni wọn ì bá fi wo Bàbá sàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni dókítà ń dúró dè lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò gùn tó orúkọ mi.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Fóònù ti dákẹ́.

Ìgbà wo ló ti dákẹ́? Ó gbọ̀n nígbà tí... Kò gbọ̀n mọ́. Mo tẹ́tí sí i. Ẹ̀rọ tó ń rọ nǹkan sígò ń ró níyàrá kejì, ó ń mí sókè, ó ń mí sílẹ̀. Omi gbígbóná ń hó kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Fóònù dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ara tù mí.

Mo gbọ́ ọ lára mi, ní èjìká níbí, bíi pé ẹnìkan sọ ẹrù kalẹ̀ fún mi. Fóònù dákẹ́, ara sì tù mí.

Dúró ná. Kí ló dé tí ara fi tù mí?

Kí n bi ara mi bí mo ṣe ń bi àwọn ọmọbìnrin ìdí ẹ̀rọ tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, ìbéèrè kan, ìdáhùn kan, kò sí àlàyé. Tí ìgò kẹta yìí bá dúró láìní àwọ̀, kí ni màá ṣe? Màá gbé fóònù. Lójú ẹsẹ̀. Màá pariwo sí Àǹtí létí pé kì í ṣe tiwa o, ẹ wá a lọ síbòmíràn. Ṣé màá tún un ṣe kó lè dá mi lójú? Rárá. Ẹ̀ẹ̀kan á tó mi. Tó bá wá di elésè àlùkò ńkọ́? Tó bá dì í lẹ́ẹ̀kẹta?

Màá ṣe ìkẹrin.

Màá sọ pé omi kò gbóná tó. Màá ṣe ìkarùn-ún, màá ṣe ogún, màá máa ṣe é títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọwọ́ mi á mọ́, kóòtù mi á funfun, ẹnikẹ́ni tó bá yọjú á rí obìnrin tó ń fara balẹ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ìdánilójú wo ni mo tún ń wá? Ó ti wà lọ́wọ́ mi láti àná, lẹ́nu ọ̀nà yìí, nígbà tí ọwọ́ Bàbá ń wá férémù. Ó wà lọ́wọ́ mi nídìí síǹkì láàárọ̀. Mo ń dúró kó pẹ́ jù ni. Mo ń dúró kí Bàbá kú. Kí wọ́n kú, kí dókítà kọ ohun tó bá wù ú sínú ìwé tirẹ̀, kí Àǹtí sunkún, kí n lọ jókòó tì wọ́n kí n bá wọn sun ún, omijé gidi, kí ẹnikẹ́ni má sì bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ìdí nìyẹn tí ara fi tù mí. Mo rò pé wọ́n ti kú.

Mo sọ ọ́ síta. Mo gbọ́ ohùn mi nínú yàrá. "Mò ń dúró kí Bàbá kú." Kò sẹ́nìkan níbí tó gbọ́ ọ àfi èmi.

Bóyá wọn ò tíì kú. Bóyá ṣe ni Àǹtí rò pé kí àwọn má dí mi lọ́wọ́.

Aago kékeré ń dún lórí tábìlì, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé. Mi ò wo ìgò kẹta, mo mọ àwọ̀ tó ní. Mo gbọ́ omi tó ń ṣàn nínú síǹkì lábù, mi ò rántí ìgbà tí mo ṣí i. Mo wolẹ̀, mo rí ọwọ́ mi méjèèjì. Wọ́n ti mú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn, wọ́n ń fọ̀ ọ́.